Bí a ṣe ń ya ìgboro àjò sínú ìwé: ìtọ́sọ́nà láti Rye Lane, Peckham

Àwọn àgbà ní àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń gba Rye Lane kọjá ní Peckham, ní London, lójoojúmọ́, láti ibùdó bọ́ọ̀sì dé yàrá tí mo háyà, kí n tó mọ̀ pé èmi ni òwe yẹn ń bá wí. Mo mọ ibi tí ata rodo ti dára. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí iṣu rẹ̀ kì í jẹrà, mo sì mọ onígbàjámọ̀ tí kì í fi àkókò ẹni ṣòfò. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan, òjò dá mi dúró sábẹ́ ìborí ṣọ́ọ̀bù, mo fa bírò yọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya òdìkejì ọ̀nà sẹ́yìn àpòòwé kan. Ìgbà yẹn ni mo tó gbójú sókè kọjá pátákó àwọn ṣọ́ọ̀bù. Lókè ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti pánla ni mo ti rí bíríkì pupa tí wọ́n fi ṣe ọnà, fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ, àti ilé gogoro aláago kan ní ìkòríta. Ilé gogoro yẹn wà lára ohun tó ṣẹ́kù nínú Jones & Higgins, ilé ìtajà ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1867, tó sì kógbá sílé ní 1980. Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Èmi ni n kò rí i.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í ya ojú pópó. Ohun tí mo ti kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ọwọ́ ń yún láti ya nǹkan, yálà ẹ kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ẹ̀kọ́ tàbí ẹ kò kọ́ ọ. London ni mo ń gbé, òun ni mo mọ̀, òun náà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó wà ní Houston tàbí Dublin yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí tirẹ̀.

1. Ẹ má ra ju ohun tí àpò kan lè gbà lọ

Ẹrù ló ń pa iṣẹ́ yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ra àpótí ọ̀dà aláwọ̀ 48 pẹ̀lú igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé àwòrán lé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo rẹ̀ wà láti Kérésì dé Kérésì. Ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ kan fà yọ lápò nígbà tí ẹ wà lórí ìdúró nìkan ni ẹ ó máa lò.

Ẹ ra ìwé A5 kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára: kó jẹ́ 200 gsm (bí ìwé ṣe wúwo sí nìyẹn) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ọ́fíìsì sábà máa ń jẹ́ 80, bí omi bá kàn án, á ká kò bí ewé gbígbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí omi pọ̀ nínú àwòrán rẹ̀, kó wá 300.

Ẹ ra pẹ́ẹ̀nì ìyàwòrán kan tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.3 tàbí 0.5 mm, tí tàdáwà rẹ̀ kì í ṣí nígbà tí omi bá kàn án. Waterproof ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Síbẹ̀, ẹ dán an wò nílé: ẹ fa ìlà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi ìka tútù pa á. Bírò lásán náà ṣe é fi bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, á fún yín ní òjìji fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí pẹ́ẹ̀nì kò lè fún yín. Ẹ fi pẹ́ńsù 2B kan kún un. Rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Ìlà tó bá ṣìnà, ẹ fa èyí tó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ojú rí ibi tí ọwọ́ ti wá ọ̀nà.

Àwọ̀ lè dúró di oṣù kejì. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, mẹ́fà ti tó: ultramarine (tó jọ aró), burnt sienna (tó jọ amọ̀ pupa), burnt umber, yellow ochre, alizarin crimson àti lemon yellow. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ wọn sára ike nìyẹn, ẹ bèèrè wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ po ultramarine mọ́ burnt sienna, ẹ ó rí ohun tó máa yà yín lẹ́nu. Bí ultramarine bá borí, òfuurufú London ni, nígbà tí òjò ń bọ̀. Bí burnt sienna bá borí, awọ ara wa ni, láti orí ẹni pupa dé orí ẹni tó dú bí kóró iṣin. Omi tí ẹ bù sí i ni yóò sọ ibi tí yóò dúró. Ẹ má ra èyí tí wọ́n pè ní àwọ̀ ara nínú ọ̀pọ̀ àpótí, torí pupa rẹ́súrẹ́sú kan lásán ni. Ẹ má sì fi dúdú inú ike kun ènìyàn dúdú, a máa kú sórí ìwé ni. Ẹ wo iwájú orí àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wa kan lọ́jọ́ tí ìkúukùu bo ojú ọ̀run: ibi tó ń dán níbẹ̀ kì í ṣe funfun, àwọ̀ sánmọ̀ ni, ó jọ aró tí a bù lómi. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní ya ojú dúdú bákan náà mọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń rọ omi sínú ọwọ́ rẹ̀ dára fún ojú pópó, torí kò sí pé ẹ ń wá ibi gbé ife omi kà. Ẹ fi tíṣù díẹ̀ sápò. Ó parí.

2. Ẹ wá ibi tí ògiri ti gbà yín lẹ́yìn

Ẹni tí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò yọjú wo ìwé rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Òun náà kò ní dí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́. Rye Lane há. Ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ pẹ̀lú báàgì iṣu lọ́wọ́ kejì ló ni ojú ọ̀nà, ayàwòrán kọ́.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìjókòó iwájú pátápátá lókè bọ́ọ̀sì alájà méjì. Nọ́ńbà 12 ń ti Peckham lọ sí Oxford Circus láàárín ìlú, ó sì máa ń gba Camberwell àti Elephant and Castle kọjá. Ní gbogbo ibi tí iná pupa bá ti dá a dúró, ẹ ní bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ má gbìyànjú láti ya gbogbo ojú ọ̀nà: iná kan, nǹkan kan. Òrùlé kan níbí, ọkùnrin tó ń gbé àkàbà lọ́hùn-ún, igi tí wọ́n gé lórí. Kí ẹ tó dé Oxford Circus, ojú ewé náà ti kún fún ìlú.

Bí òtútù bá le, ẹ gun Peckham Library lọ. Will Alsop ló ya àwòrán ilé náà. Wọ́n ṣí i ní 2000, ọdún yẹn kan náà ló gba ẹ̀bùn Stirling tí wọ́n ń fún ilé tó dára jù. Ó dà bí lẹ́tà L tí a dorí rẹ̀ kodò, wọ́n sì fi bàbà tó ti di àwọ̀ ewé bò ó lára. Àjà kẹrin ni gbọ̀ngàn ìkàwé wà. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ẹ ó rí òrùlé lórí òrùlé títí dé àárín ìlú, kò sì sẹ́ni tí yóò bi yín pé kí lẹ wá ṣe.

Ìmọ̀ràn mi lórí ọ̀rọ̀ ibi kò ju èyí lọ: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Big Ben. Ẹgbàágbèje ènìyàn ti yà á, ojú yín kò sì ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀, ohun tí ẹ ti mọ̀ láti ara káàdì ìkíni ni ọwọ́ yín yóò máa tún kọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti ń ra ata.

3. Ogún ìṣẹ́jú, láti ojú ewé funfun dé àwòrán

Ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, ẹ má ya nǹkan kan, ẹ kàn wò. Ẹ bi ara yín pé kí ló dá yín dúró níbí. Ó lè jẹ́ pupa tòmátò lábẹ́ ìborí aláwọ̀ aró, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn bàbá arúgbó kan. Ohun náà ni ọba àwòrán yín. Àwọn yòókù ìjòyè ni, wọn kò gbọdọ̀ ga tó o.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìlà ojú. Ẹ na pẹ́ńsù níbùú sí ọ̀kánkán ojú yín, kó tẹ́jú. Ibi tí ó bá gbà kọjá lára ilé tó wà níwájú yín ni ìlà ojú yín wà. Ẹ fà á fẹ́ẹ́rẹ́ sórí ìwé. Ní ọ̀nà tó lọ tààrà níwájú yín, gbogbo ohun tó ga ju ìlà náà lọ, bí pátákó ṣọ́ọ̀bù àti etí òrùlé, yóò máa rọlẹ̀ wá bá a bó ti ń jìnnà. Gbogbo ohun tó rẹlẹ̀ sí i, bí etí títì àti ẹsẹ̀ tábìlì, yóò máa gòkè wá bá a. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ń lọ pàdé.

Ìlà yìí kan náà ló ń to ènìyàn. Bí ẹ bá wà lórí ìdúró níbi tó tẹ́jú, orí gbogbo àgbà tí gíga wọn bá tiyín dọ́gba yóò wà lórí ìlà náà, ẹni tó sún mọ́ yín àti ẹni tó wà lókèèrè. Ẹsẹ̀ wọn ni yóò yàtọ̀: ẹsẹ̀ ẹni tó sún mọ́ yóò lọ sílẹ̀ jìnnà nínú ìwé, ti ẹni tó jìnnà yóò wà lókè. Bí ẹ bá jókòó, àyà tàbí ìbàdí wọn ni ìlà náà yóò gbà kọjá. Oṣù mẹ́fà ni àwọn ènìyàn inú ìwé mi fi ń léfòó kí ẹnì kan tó là á yé mi. Bí ẹ kò bá mú nǹkan mìíràn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ mú èyí.

Wàyí o, ẹ ya àwọn nǹkan ńlá: ìṣù ilé tòsì, ìṣù ilé ọ̀tún, àlàfo sánmọ̀ tó wà láàárín wọn. Ẹ ya àlàfo náà bí ẹni pé òun gan-an ni nǹkan. Ní Rye Lane, mo máa ń fi ìlà kan pín ilé sí méjì níbi tí pátákó ṣọ́ọ̀bù parí sí. Lókè ìlà náà ni bíríkì àwọn ará ìgbà Ọbabìnrin Fìkìtóríà wà, ó dákẹ́, fèrèsé tò lọ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ariwo wà: àgbọn, apẹ̀rẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi kọ́, irun àtọwọ́dá, páálí lórí páálí. Òkè, ẹ fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ yà á, ẹ fi ibi púpọ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa sáré, kí ìlà kọlu ìlà. Ẹni tó bá wo ojú ewé náà nílé yóò mọ ibi tó wà láìjẹ́ pé ẹ kọ orúkọ ọ̀nà sí i.

Ènìyàn kì í dúró de yín. Ẹ má lé e. Ẹ gba orí lára ẹnì kan, ẹ gba ẹ̀wù lára ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹ gba báàgì lára ẹnì kẹta. Ẹni tí ẹ ó rí lórí ìwé kò sí láyé, ṣùgbọ́n ọmọ Rye Lane ni. Àwọn agbẹ́gilére wa máa ń jẹ́ kí orí tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ara, nítorí pé orí ni àgbà. Lójú pópó, orí kò ju ìdá kan nínú méje lọ, ọwọ́ wa sì máa ń fẹ́ yà á tóbi. Ẹ fi àmì kékeré kan ṣe orí, ẹ fa èjìká, ẹ wá mọ ẹsẹ̀ tó gbé ara dúró: ẹsẹ̀ yẹn máa ń wà lábẹ́ orí gan-an. Bí ó bá yẹ̀, ẹni náà yóò ṣubú.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kẹ́yìn jẹ́ ti òjìji. Mẹ́ta péré ni ẹ ó lò: ìwé funfun, àárín, dúdú. Ẹ wá ibi tó dúdú jù, bóyá abẹ́ tábìlì tàbí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ dì í pa. Àwòrán náà yóò jókòó lójijì.

Kí ẹ tó dìde, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí ẹ sì kọ ohun tí etí yín gbọ́. Yorùbá ni mo fi ń kọ tèmi. "Agogo 11, òjò winniwinni. Ọmọkùnrin kan ń pe ọjà: páùn kan àwo kan. Òórùn ẹja àti ọṣẹ." Mo ti rí ojú ewé tí àwòrán rẹ̀ kò dára rárá, àmọ́ tí ìlà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ dá gbogbo ọjọ́ náà padà fún mi.

4. Ìkíni ṣáájú pẹ́ẹ̀nì

Òfin ìlú ọba kò ní kí ẹnikẹ́ni má ya ohun tó rí lójú títì. Abala 62 nínú òfin ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ti 1988 tilẹ̀ là á sílẹ̀ pé a lè ya ilé láìbi ẹni tó ṣe é, a sì lè ya ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ títí láé síbi tí gbogbo ènìyàn lè dé. Inú ṣọ́ọ̀bù, inú ọjà olórùlé àti inú ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dìde, ẹ dìde.

Ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà, ìwà lè má gbà á. Obìnrin kan wà tó ń ta ata àti ẹ̀fọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òdìkejì ọ̀nà ni mo dúró sí tí mo ń yà á. Ó rí mi. Kò sọ̀rọ̀, ó fa ìborí ẹ̀wù òtútù rẹ̀ bojú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, kò sì yíjú padà títí mo fi lọ. Ojú tì mí. Mo mọ ohun tó fà á. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lókè òkun, ẹni tó dúró lókèèrè, tó ń wo ni, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ìwé ìgbélùú ẹlòmíràn pé, ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ti ẹlòmíràn kò pé.

Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ bá a. Mo tẹríba, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ kú òtútù."

Ó ní, "Hẹn, ọmọ mi. O ṣé."

Mo ra ata, mo sanwó, mo wá ṣí ìwé fún un. Ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka tó tutù. "Ìwọ lo ya gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni, mà."

"O ò ní gbé mi lọ fún àwọn ìjọba báyìí?"

Mo ní rárá, mo sì fi hàn án pé àwọn tí kò fẹ́ kí a dá wọn mọ̀, ẹ̀yìn wọn tàbí ọwọ́ wọn nìkan ni mo yà. Ó ronú sí i. Ó tú ìborùn tó wé sórí, ó tún un wé, ó jókòó dáadáa. "Yà mí báyìí. Má sì jẹ̀ẹ́ kí ọrùn mi gùn jù."

Àwòrán ọjọ́ náà ló dára jù nínú ìwé yẹn, kì í ṣe nítorí pé ọwọ́ mi já fáfá lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, èyí ni mo ń tẹ̀ lé. Bí ẹnì kan bá kéré nínú àwòrán, tí kò ní ojú, mo lè yà á kí n máa lọ. Bí òun bá ni ọba àwòrán, mo kọ́kọ́ kí i, ní èdè rẹ̀ bí mo bá gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́jà, mo ra nǹkan, ì báà ṣe ọsàn méjì. N kì í ya ọmọdé àyàfi tí òbí rẹ̀ bá wà níbẹ̀ tó sì gbà. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, mo pa ìwé dé lójú rẹ̀, mo ní "Ẹ má bínú," n kì í fọ̀rọ̀ òfin tì í. Ẹni tí mo bá yà, mo máa ń fi fóònù ya ojú ewé náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí i kí n tó kúrò níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọ̀gá ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó wà lórí àga. Bí àwọn méjèèjì bá ti gbà, gbogbo ilé yóò máa bá yín dá sí i: "Orí lágbájá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

5. Bí òtútù bá dé

Ní àárín Oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní London kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní Oṣù Kẹfà, ó lé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọ̀. Ẹ ṣètò yín sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jáde lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí oòrùn ti rọ̀ tí òjìji sì gùn. Nígbà òtútù, ọ̀sán ni tiyín: oòrùn kì í gòkè púpọ̀ rárá, ṣe ló máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan kun ilé ní gbogbo ọjọ́, ìyẹn sì dára fún àwòrán ju oòrùn àtàrí lọ.

Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n gé ìka rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Páálí kan lábẹ́ ìdí yín sàn ju ẹ̀wù kẹta lọ. Ọ̀dà olómi kì í tètè gbẹ nínú òtútù, nítorí náà ẹ fi pẹ́ẹ̀nì ṣiṣẹ́ níta, kí ẹ kun àwọ̀ nílé nígbà tí ojú ṣì rántí. Ẹlòmíràn a máa kán ọtí líle díẹ̀ sómi kó má baà dì. Ó ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí ìta kò bá ṣe é dúró sí rárá, mo máa ń lọ sí British Museum. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ gbọ̀ngàn rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú dání. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi omi àti tàdáwà. Ọ̀kan nínú àwọn orí bàbà tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí orí náà ń ṣe níbẹ̀ dípò Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a lórí ìtẹ́ rẹ̀, ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan. Ẹ wo àwọn ìlà wínníwínní tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Kò sí ọ̀kan tó lọ tààrà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá yọ, ìlà yọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹnu bá wọlé, ìlà wọlé. Ẹni tó ṣe é ti fi ìlà nìkan sọ bí ojú ṣe rí láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó sẹ́yìn. Ẹ ya àwọn ìlà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ bá ń ya àpò ìrẹsì tàbí ẹ̀yìn ẹni tó tẹ̀ ba, ọwọ́ yín yóò rántí.

6. Àkókò

Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín náà kò ní wákàtí méjì láti fi jókòó. Kò pọn dandan. Bọ́ọ̀sì tí a ń dúró dè, aṣọ tó ń yí nínú ẹ̀rọ ní ilé ìfọṣọ, ìsinmi ìṣẹ́jú 15 níbi iṣẹ́: ibẹ̀ ni àwòrán ti ń wá. Ẹ ya bàtà iṣẹ́ yín. Ẹ ya oúnjẹ tí ẹ gbé dání nínú ike. Ojú ewé kan lójúmọ́, ẹ má fa ọ̀kankan ya, kódà èyí tó bà yín nínú jẹ́.

Mo máa ń rántí Àìná Onabolu, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní yíya ojú ènìyàn. 1906 ló ya àwòrán ìyáàfin Spencer Savage tó lókìkí. Ọdún 1920 ló tó wọ ọkọ̀ wá sí London láti wá kọ́ṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́, nígbà tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró de ilé ẹ̀kọ́.

7. Ẹ wá ẹgbẹ́

Ní 2007, Gabriel Campanario, oníròyìn ọmọ Sípéènì kan tó ń gbé ní Seattle, kó àwọn tó ń ya ìlú wọn jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni Urban Sketchers ti bẹ̀rẹ̀. Àlejò ni òun náà ní Seattle. Òfin wọn tó ṣe kókó ni pé ibi tí nǹkan wà ni a ti ń yà á, kì í ṣe láti inú fọ́tò. Wọ́n pe àpéjọ àgbáyé wọn àkọ́kọ́ ní Portland ní 2010, wọ́n sì ṣe ti 2016 ní Manchester. London ní ẹ̀ka tirẹ̀, wọ́n sì máa ń jáde pọ̀. Ẹ kò nílò ìwé ẹ̀rí kankan.

Níparí ìjáde, gbogbo ènìyàn a to ìwé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ṣíṣí, a ó dúró yí i ká. Ẹ ó rí òpópónà kan náà ní ogún ojú. Ẹ lọ. Bó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni dúdú níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé ìwé yín sílẹ̀ láàárín tiwọn, kí ẹ sì pe ọ̀rẹ́ kan wá nígbà tó ń bọ̀.

8. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sanwó

Kí ẹ tó gba kọ́bọ̀, ẹ ka físà yín. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ìlú ọba kò gba kí ènìyàn máa ṣòwò ti ara rẹ̀, àwòrán títà sì wà lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan kékeré ni. Ẹ fi fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ títí físà yín yóò fi yí padà. Físà kan wà fún àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ti dáńgájíá, Global Talent, tí Arts Council England, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà, máa ń wo iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ìwé tí ẹ ń fi ọjọ́ sí yìí sì lè jẹ́ ara ẹ̀rí iṣẹ́ yín.

Fún ẹni tí ìwé rẹ̀ gbà á, bí gbogbo owó tó wọlé láti inú títà kò bá ju £1,000 lọ láàárín ọjọ́ 6 Oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 5 Oṣù Kẹrin ọdún kejì, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí HMRC, ilé iṣẹ́ owó orí, mọ̀. Ẹ má pàtẹ sójú títì láìgba ìwé àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ má ta ojú ewé inú ìwé. Ẹ fi ẹ̀rọ ya ẹ̀dà rẹ̀ ní 300 dpi (bí ẹ̀dà náà ṣe mọ́ sí) ó kéré tán, kí ẹ ta ẹ̀dà náà. Iṣẹ́ tó máa ń wá bá mi jù ni ilé: ẹni wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé yóò fẹ́ àwòrán iwájú rẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sílé. Èkejì ni òde. Níbi ìgbéyàwó wa ní London, ayàwòrán kan tó jókòó sí igun yóò rí gèlè, aṣọ òkè àti aṣọ ẹbí tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ìlú náà. Ẹ bá wọn dá iye ṣáájú, ẹ gba ìdajì, kí ẹ jẹun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí bí ìlù bá ti dún tán, kò sẹ́ni tó máa rántí yín.

9. Bí ìwé bá kún

Ẹ kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Nọ́ńbà fóònù yín ti gbọ́dọ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Mo ti gbàgbé ọ̀kan sórí bọ́ọ̀sì rí, nọ́ńbà yẹn ló dá a padà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ tí oòrùn kò mú, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé.

Ìyá mi ní Abẹ́òkúta ni mo ń fi tèmi ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Ó ń wo gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé gogoro aláago kò jọ ọ́ lójú, bọ́ọ̀sì pupa kò jọ ọ́ lójú. Orí obìnrin aláta yẹn ló dúró sí. Ó pè mí, ó ní bó ṣe wé ìborùn yẹn, wíwé àwọn ará Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni, ó sì ní kí n bá òun kí i. Mo jíṣẹ́ náà ní Sátidé. Obìnrin náà fi ọwọ́ lé àyà, ó ní ìyá òun ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wá bu ata rodo lé èyí tí mo rà, ó ní ènì ìyá mi nìyẹn.